Àmín Tó Máa Ń Gbẹ̀yìn

Gbogbo ìwé ìrántí tí wọ́n ti fún mi níbi ìsìnkú, láti Chadwell Heath dé Heathway ní London níbí, mi ò tíì rí òkú kan tí kò dára nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló jẹ́ ìyá gbogbo ayé, gbogbo wọn ló fẹ́ràn àlàáfíà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá aládùúgbò jà rí nítorí ibi tó gbé ike ìdọ̀tí sí. Nígbà tó wá kàn wá, àwọn àbúrò bàbá mi ní èmi ni kí n kọ ti Màmá Àgbà, torí pé èmi ni mo bá a gbé jù. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn àlàáfíà.

Màmá Àgbà kò fẹ́ràn àlàáfíà. Ìjà tó nídìí ló fẹ́ràn, àti èyí tí kò nídìí náà, bí òjò kò bá ti sí níta. Ó bá dókítà jà, ó bá àwọn tó ń kọ lẹ́tà láti council jà, ó sì bá ẹ̀rọ ilé ìtajà jà, èyí tó máa ń fọhùn pé nǹkan kan wà nínú àpò rẹ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ó bi í léèrè ẹni tó bí i. Kò padà sí ilé ìtajà yẹn mọ́ títí tó fi kú. "Ó pè mí ní olè lójú ọmọ mi," ló wí.

Bí mo bá kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn àlàáfíà, ó lè dìde wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mo mọ̀.

Ohun tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ rántí ni Àmín rẹ̀. Aládùúrà ni Màmá, ẹni tó ń wọ sútánà funfun, tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ kódà nígbà tí yìnyín bá bolẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbàdúrà, àwa tó kù á máa da Àmín lé e lórí bí ẹní ń da omi sí gààrí. Màmá á dákẹ́. Á gbọ́ gbólóhùn náà tán, á wò ó tọ̀tún-tòsì, ìgbà tí gbogbo wa bá ti ṣe tiwa tán lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ nìkan láti ẹ̀yìn: "Àmín." Nídìí oúnjẹ náà, bákan náà ni. A ti ń fi ìrẹsì sẹ́nu nígbà tí Àmín Màmá á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wòlíì ìjọ wọn bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa bá àwọn yòókù ṣe é pọ̀, torí pé Àmín rẹ̀ máa ń dí àdúrà tó kàn lọ́wọ́. Ó dá wòlíì lóhùn pé, "Ẹni tó ṣe Àmín kó tó gbọ́ àdúrà tán, ìwé tí kò kà ló tẹ̀ka sí."

Ó nídìí. Kí wọ́n tó kó wá sí Dagenham, yàrá kan ni òun àti Bàbá Àgbà ń gbé ní Peckham, nínú ilé ìyá kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá onílé kó gbogbo ilé jọ fún àdúrà. Ó ní, "Olúwa, gbogbo ẹni tí kì í jẹ́ kí ara tu èèyàn nínú ilé yìí, ẹ bá wa kó wọn jáde kí oṣù yìí tó parí." Màmá ní Àmín tòun ló ròkè jù, òun tilẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá onílé fún wọn níwèé pé kí wọ́n kó jáde. Wọ́n dé Dagenham kí oṣù náà tó parí, gẹ́gẹ́ bí àdúrà ti wí. Bó bá sọ ìtàn yìí dé ìparí, kì í rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ara mi ni mo fi lé ara mi jáde," á wí, "Ọlọ́run kàn dáhùn ni."

Ẹ má wá rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ tí ń bèèrè èrò ọmọdé ni. Nínú ilé wa ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà Valence, Màmá ló ń pàṣẹ fún hítà tó ń mú ilé móoru, fún tẹlifíṣọ̀n, fún ìgbà tí a ń sùn àti ìgbà tí a ń jí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìbò, mo dé ilé mo ní kí a dìbò lórí hítà. Bàbá mi, èmi àti àbúrò mi dìbò pé kí a tàn án. Màmá nìkan ló dìbò pé kí a pa á. Ó yìn wá pé a dìbò dáadáa, ó wá ní kí kálukú lọ wọ súwẹ́tà. Mo sunkún pé ìjẹgàba ni. Kò jiyàn. Ó ní, "Ọba ni mí nínú ilé yìí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ fọwọ́ sí i."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ fín níràn.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Àwa tí ìlú kékeré kan ní apá Ìjẹ̀bú bí, tí a wá fọ́nká sí Dagenham àti agbègbè rẹ̀, la máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Valence. A ní Ààrẹ kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. "Mr President" ló máa ń jẹ́, kódà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹ̀wọ̀n ọrùn kan tí ẹgbẹ́ rà fún ọjọ́ ìpàdé nìkan. Mo ti rí i pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n yẹn ní Heathway níbi tó ti ń ra búrẹ́dì.

Síbẹ̀, mi ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, òun ló ń lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tí lẹ́tà òyìnbó bá rú lójú, òun ló ń kà á fún un. Èmi gan-an, òun ló kọ̀wé jẹ́rìí mi nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà dòní. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Bó bá jẹ́ olè ni, ìṣẹ́jú márùn-ún la ò bá fi lé e.

Ó wá di ọdún tó kọjá, Ààrẹ gbé ohun tó pè ní àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ dé. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkínní, Ààrẹ yóò máa ṣe é lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, òun nìkan ni yóò sì mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́. Èkejì, òun ni yóò máa yan akọ̀wé àti gbogbo àwọn olóyè ẹgbẹ́ yòókù. Ẹ̀kẹta ló mú Màmá dìde lórí àga láìdi ọ̀pá rẹ̀ mú: Ààrẹ nìkan ni yóò máa pinnu ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe é, ìbáà jẹ́ alààyè tàbí òkú.

Ọ̀rọ̀ òkú yẹn gbọ́dọ̀ yé yín. Ẹgbẹ́ wa ní aṣọ funfun kan tí wọ́n fi òwú búlúù kọ orúkọ ìlú wa sí lára. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, aṣọ yìí la máa ń tẹ́ bo pósí rẹ̀ láti ilé dé etí sàréè. A ó wá ká a, a ó gbé e padà sílé de ẹni tó kàn. Òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí a kò ní bò, ìbáà ti bá gbogbo wa jà tán kó tó kú. Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, nígbà tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ aṣọ rírán ní ilé iṣẹ́ kan. Aṣọ náà ni wọ́n fi bo Bàbá Àgbà. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò bẹ wá ní ohun púpọ̀ mọ́ láyé yìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí aṣọ tó bo ọkọ òun bo òun náà. Bí àtúnṣe yìí bá wọlé, ẹni tó bá ta ko Ààrẹ kò ní ìdánilójú pé yóò rí i bò.

Ààrẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ dún wọnrangandan.

"Màmá, mo gbọ́ pé inú yín ò dùn," ó wí. "Aṣọ yẹn, tiyín ni. I give you my word. Whatever happens, màá rí i pé wọ́n fi bò yín."

Màmá ní kó dìde.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ló wí. "Ṣùgbọ́n tèmi ṣáà ni tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó o tún ń fi ta mí lọ́rẹ? Ọwọ́ tó lè fún mi lónìí, òun náà ló lè gbà á lọ́la."

Àti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìpàdé tí a ó ti dìbò lórí àtúnṣe náà. Kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí àwọn tó ti gbà fún Ààrẹ. Ó ní ẹni tó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, èèyàn kì í sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣì dúró ní ibùdókọ̀, tí kò mọ èyí tí òun fẹ́ wọ̀, lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń bá a fa báàgì onítáyà rẹ̀. Ohun tó wà nínú báàgì náà ni ṣin-ṣín tó dín fúnra rẹ̀, tó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń rún un lẹ́nu, ohun tí Màmá sì ń fẹ́ nìyẹn.

Ilé Bàbá Kẹ́mi ní Chadwell Heath la kọ́kọ́ lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, èèyàn jẹ́jẹ́.

"Màmá, the man dey try," ó wí. "Ta ló wá pàdé mi ní airport? Òun náà ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ, abeg."

"Èmi ńkọ́?" Màmá bi í. "Ṣé èèyàn dáadáa ni mí?"

"Háà! Ẹ̀yin kẹ̀? Correct Mama!"

"Ó dáa. Mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ fún mi."

Bàbá Kẹ́mi rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀.

"Mi ò ní dá a padà," ló wí. "Ìgbà tó bá wù mí ni màá máa wọlé. Èmi ni màá máa sọ ẹni tó máa sùn síbẹ̀ àti ẹni tí kò ní sùn síbẹ̀. Èèyàn dáadáa ṣáà ni mí."

Bàbá Kẹ́mi wò mí pé kí n gba òun. Ṣin-ṣín wà lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, it's not that I don't trust you o…"

Màmá ká ọwọ́ rẹ̀ padà. "Mo mọ̀," ló wí. "Èmi náà ò sọ pé Ààrẹ ò dáa. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń sọ."

Sister Rónkẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, la bá nínú ilé tíì kan ní Heathway, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní òun ò ṣe òṣèlú, òun ò tíì sùn, shift míì ṣì ń bọ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rárá. Ó bi í léèrè ẹni tó ń pín iṣẹ́ náà fún wọn. Rónkẹ́ ní manager ni. Màmá ní bí manager bá wá fún un ní iṣẹ́ ọjọ́ méje léra ńkọ́? Rónkẹ́ ní irọ́ ni, kò tó bẹ́ẹ̀, òun á fẹjọ́ rẹ̀ sùn sókè.

"Ta ló wà lókè Ààrẹ?" Màmá wí.

"Ah, Grandma. God now."

Màmá mu tíì rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ọlọ́run kì í wá sí ìpàdé wa," ló wí. "Ààrẹ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀."

Kì í ṣe gbogbo ilé la ti rí ààyè wọ̀. Ìdílé kan wà ní Becontree tí wọ́n rí wa láti ojú fèrèsé, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ojú tì mí, mo ní kí a máa lọ. Màmá jókòó sórí ògiri kékeré tó wà níwájú ilé náà, ó ṣí ṣin-ṣín rẹ̀. Bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, bàálé ilé jáde, ó ń fa ike ìdọ̀tí bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ subú nígbà tó rí wa. "Mo mọ̀ pé wọ́n á jáde," Màmá sọ fún mi. "Ọ̀la ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí àdúgbò yìí."

Ẹnì kan ṣoṣo tí Màmá kò bá sọ ọ̀rọ̀ náà rí ni èmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń fa báàgì rẹ̀, mi ò sì tíì mọ ibi tí màá dìbò sí. Lẹ́tà tí Ààrẹ kọ fún mi wà lọ́kàn mi. Mo ti ń wá irọ́ tí màá fi jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Mo ti fẹ́ lo orí fífọ́. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi í nínú ọkọ̀ pé kí ló dé tí kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. Ó ń wo ìta.

"Àjọkẹ́," ló wí, "ẹni tí mo tọ́ dàgbà, bó bá jẹ́ pé mo tún ní láti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, mi ò tọ́ ọ nìyẹn."

Orí kò fọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn tí a kò rí láti ìgbà ìkómọ wá, gbogbo wọn wá. Gbogbo wa ń retí kí wọ́n ní kí a dìbò. Ààrẹ kò dárúkọ ìbò. Ó ní kí a dìde fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó dijú.

"Olúwa," ó wí, "ẹ̀yin tí ẹ kì í pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kí a máa pààrọ̀ olórí bí ẹní ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀."

"Àmín!" ni gbogbo wa.

"Àlàáfíà tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá bà á jẹ́."

"Àmín!"

"Àtúnṣe òfin tó wà níwájú wa, bí ẹ ti fọwọ́ sí i lókè, a fọwọ́ sí i nílẹ̀."

"Àmín!"

Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá Kẹ́mi ṣe é, Rónkẹ́ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màmá fi rìn kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹnu la fi pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, torí pé ẹni tó dijú ní kí a ṣe Àmín. Ààrẹ lajú. Akọ̀wé ti ń kọ̀wé, ó sì kà á síta: "Gbogbo ilé fọwọ́ sí àtúnṣe."

A wá dákẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí a dákẹ́. Ó ti mọ́ wa lára ni, pé Àmín kan ṣì kù, a sì ń dúró dè é. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn.

Màmá dìde, ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Èmi ò tíì ṣe Àmín," ló wí.

Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, kò burú. One person can be late. Àdúrà la gbà."

"Àdúrà ni?"

"Àdúrà ni, Màmá."

"Bó bá jẹ́ àdúrà ni, kí akọ̀wé pa á rẹ́ nínú ìwé. Bó bá jẹ́ ìbò ni, ẹ kà á."

Bàbá Kẹ́mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wú ikọ́, ó ní, "Abeg, make una count am." Rónkẹ́ ní, "Yes, count it, mo ní shift." Ni ariwo bá ta. Akọ̀wé wo Ààrẹ, Ààrẹ wo ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí kò fẹ́ nawọ́, mo na tèmi, ojú Ààrẹ sì wà lára mi. Díẹ̀ la fi borí wọn, ṣùgbọ́n a borí. Odidi oṣù mẹ́rin ni Ààrẹ kò fi dáhùn ìkíni mi. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé ó ń dùn mí, ó ní, "Máa kí i lọ. Ìwọ ni wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé."

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Thursday kan nílé ìwòsàn, mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kọ pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan fún mi kó tó lọ. Ohun tó sọ ni pé tí wọ́n bá máa mú aṣọ ẹgbẹ́ wá, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, torí pé ẹni tí wọ́n bò kẹ́yìn, ìdílé rẹ̀ da mínírà sí i, òun sì rí àbàwọ́n rẹ̀. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún sunkún. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò ẹni tó ń fi òtútù pa á.

Ààrẹ ló gbé aṣọ náà wá sí ìsìnkú fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó funfun kinniwin. Àwọn kan ní ẹ ò rí i pé ọkàn Ààrẹ mọ́. Ọkàn rẹ̀ lè mọ́ o, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ló gbé aṣọ yẹn wá, òfin tí Màmá kò jẹ́ kó gbé pamọ́ sápò. A tẹ́ ẹ bo pósí rẹ̀. Orúkọ ìlú wa bọ́ sí ibi àyà rẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú òwú búlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Létí sàréè, wọ́n ní kí Ààrẹ gbàdúrà lórúkọ ẹgbẹ́. Ó dijú. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí Màmá, ó dúpẹ́ fún àwa ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá yí padà díẹ̀, bí ohùn ẹni tó fẹ́ ya ọ̀nà àbùjá.

"Olúwa," ó wí, "àwa tó kù, ẹ fún wa ní ọkàn kan, kí a lè dúró sẹ́yìn olórí kan ṣoṣo, láìsí ìbò, láìsí àtakò."

Ó dúró fún Àmín.

Kò sí ẹni tó ṣe é. Bàbá Kẹ́mi ń wo bàtà rẹ̀. Rónkẹ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́ bí ẹni tí ṣin-ṣín wà lẹ́nu rẹ̀. Kódà ìdílé tó fa kọ́tìnì yẹn, wọ́n dákẹ́. Ààrẹ la ojú kan, ó wò wá, ó tún pa á dé.

"Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere," ó wí.

A gbọ́ ọ tán. A dúró díẹ̀ sí i, bóyá nǹkan kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo wa wá ṣe Àmín.